Ilé Gbígbà Lọ́wọ́ Àgéńtì ní Ilé-Ifẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ayálégbé Mọ̀ Kó Tó Sanwó

Ní Ilé-Ifẹ̀, ìgbà tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá kéde ọjọ́ ìwọlé ni ọ̀rọ̀ ilé máa ń gbóná jù. Ibùsùn tó wà nínú ọgbà kò kárí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn ló ń wá yàrá lọ sí Asherifa, Damico, Parakin, Mayfair, ojú ọ̀nà Ẹdẹ àti ojú ọ̀nà Ìbàdàn. Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn yunifásítì náà ń wá ilé, àwọn agùnbánirọ̀ ń wá, àwọn tó ń ṣòwò ní Sábó àti Lágere náà ń wá. Díẹ̀ nínú wọn ló mọ onílé kankan. Àgéńtì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bá pàdé, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ wọn.

Owó náà kì í ṣe kékeré mọ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí náírà sì ti já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún yẹn, ni símẹ́ńtì, irin àti páànù ti ń gbówó lórí. Onílé tó ti parí ilé rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn náà ń fi iye tí yóò ná an láti kọ́ irú rẹ̀ lónìí bu owó yàrá rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ẹ̀yáwó ìjọba lọ́wọ́ NELFUND ń rí ₦20,000 lóṣù fún jíjẹ àti mímu, ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, nítorí náà kò sí ibi tí owó yàrá ìta ọgbà wọ̀ sí nínú rẹ̀. Òbí ló máa ń kó owó ọdún kan jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí owó yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, ó ṣọ̀wọ́n kí ìdílé náà tó tún lè kó irú rẹ̀ jọ kí sáà ẹ̀kọ́ yẹn tó parí.

Ohun tí àwọn ayálégbé máa ń ráhùn lé lórí jù ni pé owó àgéńtì ti pọ̀ jù. Wọn kò jayò pa. Síbẹ̀, bí a bá wo àwọn tí owó wọn run pátápátá, kì í ṣe ìdá mẹ́wàá tí àgéńtì gbà ló fa òfò náà. Owó ilé gan-an ni wọ́n kó lé ọwọ́ ẹni tí onílé kò rán. Lójú tèmi, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni ta ló rán àgéńtì yìí, àti pé kí ni ó rán an pé kó ṣe. Ọ̀rọ̀ iye tó ń gbà lè tẹ̀lé e.

Nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn kan wà tí òfin mọ̀. Láti 1975 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn estate surveyor, ìyẹn àwọn onímọ̀ tó ń díye lé ilé àti ilẹ̀ tó sì ń bójú tó wọn, sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ESVARBON. Ẹgbẹ́ wọn, NIESV, ti wà láti 1969. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pàápàá sì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni níṣẹ́ náà. Ẹni tó wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ibi tí a lè lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ó sì ní ìwé àṣẹ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń pè ní àgéńtì nígboro Ifẹ̀ kò sí lára wọn. Ọ̀kan lè jẹ́ onígbàjámọ̀ tó kan pátákó mọ́ òpó iná, ọ̀kan lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ẹni tó ń bójú tó ilé kan, òmíràn lè jẹ́ ọlọ́kadà tó mọ gbogbo ilé tó ṣófo ní àdúgbò. Èyí kò sọ wọ́n di olè o. Àwọn kan nínú wọn ti wá ilé fún àìmọye ènìyàn láìsí wàhálà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ bá dàrú, kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí a óò gbé wọn lọ bá, àfi ọlọ́pàá tàbí kóòtù.

Ohun mìíràn tí ayálégbé kì í sábà mọ̀ ni pé ẹni tó ń mú un káàkiri lè má tíì rí onílé rí láyé rẹ̀. Onílé sọ fún àgéńtì kan, onítọ̀hún fi àwòrán yàrá náà ránṣẹ́ sí ojúgbà rẹ̀, ojúgbà náà gbé e sórí WhatsApp, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì tún gbà á níbẹ̀ láti bá wọn polówó. Gbogbo wọn ló ń retí owó nínú rẹ̀. Bí owó ilé bá gba ọwọ́ gbogbo wọn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ onílé, ó rọrùn kí ó dúró lójú ọ̀nà. Kò sí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ nínú kí a béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ọwọ́ onílé gan-an ni ẹ ti gba ilé yìí, àbí ọwọ́ àgéńtì mìíràn?” Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni, ẹni náà ni kí a bá sọ̀rọ̀.

Òfin tó wà lórí ẹni tí a rán níṣẹ́ kò le lóye. Bí onílé bá fún àgéńtì láṣẹ láti gba owó ilé, owó tó dé ọwọ́ àgéńtì ti dé ọwọ́ onílé, kódà bí àgéńtì náà bá kó o sá lọ ní ọ̀la. Onílé ni yóò wá a kiri. Bí kò bá tilẹ̀ sí ìwé àṣẹ, tó jẹ́ pé onílé ló fàyè gba àgéńtì láti máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé tó ti wà níbẹ̀, tó mọ̀, tí kò sì sọ nǹkan kan, kóòtù lè sọ pé kò lè ṣẹ́ ẹ mọ́. Ṣùgbọ́n bí onílé bá kàn ní kó bá òun wá ayálégbé, tí kò ní kó gba owó, tàbí tí kò mọ̀ ọ́n rí rárá, ayálégbé ló ni òfò náà, ẹnì kan ṣoṣo tó sì lè bi ni àgéńtì tó ti pa fóònù rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a rí ìwé tí onílé fi yan àgéńtì, tàbí kí a gbọ́ ọ lẹ́nu onílé fúnra rẹ̀, kí a tó san kọ́bọ̀. Kí a má sì gbàgbé pé iṣẹ́ onílé ni àgéńtì ń jẹ́. Kì í ṣe òun ni yóò sọ fún wa ìdí tí ayálégbé àná fi kó jáde.

Mímọ ẹni tó jẹ́ onílé gan-an kì í sì í rọrùn ní Ifẹ̀ bí a ṣe rò. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ bíi Ìrẹmọ, Ìlódè àti Òkèrèwè, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní ẹnì kan pàtó tó ni ín mọ́. Bàbá tó kọ́ ọ ti kú, kò ṣe ìwé ìhágún, ilé sì ti di ti gbogbo ọmọ. Ní ìbámu pẹ̀lú àṣà Yorùbá tí àwọn kóòtù wa gbà, irú ilé bẹ́ẹ̀ di ohun ìní ẹbí. Dáwódù ló máa ń jẹ́ olórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ni ín, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kan kò lè dá a fún ẹlòmíràn bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Bí bàbá bá fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, ìdí-igi, ìyẹn ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ni wọ́n sábà fi ń pín ohun tó bá wọlé lórí rẹ̀. Ayálégbé tó bá wá sanwó fún ọmọ kan tó ń gbé inú ilé náà, nítorí pé òun ló ṣílẹ̀kùn fún un, lè jí ní oṣù kejì kí ó bá ọmọ ìyá mìíràn lẹ́nu ọ̀nà tó ń béèrè ẹni tó fún un ní yàrá àwọn. Wàhálà náà kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ ló máa ń wà níta.

Ohun tó dára ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ni kí olórí ẹbí fọwọ́ sí rìsíìtì, kí ẹnì kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti fa ilé náà lé agbẹjọ́rò tàbí estate surveyor lọ́wọ́ kí ìjà owó lè dín kù, èyí tí àwọn ẹbí kan ń ṣe, kí a rí ìwé tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe ẹjọ́ lórí ilé náà lọ́wọ́, ó sàn kí a wá òmíràn. Kò sí bí yàrá náà ṣe lè dára tó tí ó yẹ kí á fi ara wa sáàárín ẹjọ́ ẹbí ẹlòmíràn.

Ní àwọn àdúgbò tuntun, ìṣòro náà yàtọ̀. Ẹnì kan ni onílé, ṣùgbọ́n Èkó tàbí ìlú òyìnbó ló ń gbé, àbúrò rẹ̀ tàbí ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní kíátékà ló wà níbẹ̀. Àgéńtì yóò ní, “Ẹ jẹ́ kí n pe Dádì,” yóò sì gbé fóònù fún wa kí a bá onílé sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló lè wà lórí fóònù náà. Ọwọ́ àwọn tó ti ń gbé ilé náà ni kí a ti gba nọ́ńbà onílé, kì í ṣe ọwọ́ àgéńtì. Kí a lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn ayálégbé bá ti dé láti ibi iṣẹ́, kí a kí wọn dáadáa, kí a béèrè ẹni tí wọ́n ń sanwó fún àti orúkọ tó wà lórí rìsíìtì wọn. Bí ilé bá ṣófo pátápátá, kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé tó yí i ká. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ìyá tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé lè ṣàlàyé ju gbogbo ohun tí àgéńtì sọ lọ.

Jìbìtì tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ti yàrá tí ènìyàn púpọ̀ sanwó fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù díẹ̀ lórí owó rẹ̀, ó fẹ́ ta ìyókù, kò sì sọ fún onílé. Tàbí àgéńtì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kan, ó fi han àwọn mẹ́ta ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wọn sì san owó tí yóò fi “dì í mú” fún wọn. Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò ni ìkánjú: ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá sanwó nírọ̀lẹ́ yìí. Bóyá òótọ́ ni, nítorí yàrá kì í pẹ́ ní Ifẹ̀. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé àwòrán nìkan ni a rí, kí a má sanwó. Àkáǹtì onílé ni kí owó ilé wọ̀, kí a sì kọ ohun tí a san án fún sínú ìsọfúnni tó ń bá owó náà lọ, bíi “owó ilé ọdún kan, yàrá 4”. Bí wọ́n bá ní kí a sanwó sí àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti onílé, kí onílé fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí a sì tọ́jú rẹ̀.

Nípa owó àgéńtì, ìdá mẹ́wàá owó ilé ló mọ́ àwọn ènìyàn lára, wọ́n sì sábà máa ń gba ìdá mẹ́wàá mìíràn fún ìwé àdéhùn. Àwọn kan ń fi owó kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó ìdógò nítorí ohun tó bá bàjẹ́, lé e, àwọn kan sì ń gba owó kí wọ́n tó múni lọ wo ilé. Ká ní owó yàrá kan jẹ́ ₦300,000. Àgéńtì gba ₦30,000, ìwé àdéhùn ₦30,000, kọ́ṣọ̀n ₦20,000. Ohun tí a gbọ́ pé ó jẹ́ ₦300,000 ti di ₦380,000 kí a tó ra gílóòbù kan. Kí a béèrè àpapọ̀ owó náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a sì béèrè èyí tí a óò tún san ní ọdún kejì. Owó àgéńtì jẹ́ owó ìwáléfúnni, a kì í wá ilé kan náà fún ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n àwọn kan ń gbìyànjú láti gbà á lọ́dọọdún. Owó kọ́ṣọ̀n sì gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ wa nígbà tí a bá ń kó jáde bí a kò bá ba nǹkan kan jẹ́, nítorí náà kí á ya àwòrán ògiri, fèrèsé, ilé ìyàgbẹ́ àti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ tí a gba kọ́kọ́rọ́.

Owó ìwé àdéhùn ló yẹ kí a fojú sí dáadáa. Òfin tó de iṣẹ́ amòfin ní Nàìjíríà kò gba ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò láyè láti kọ ìwé àdéhùn ilé tàbí ilẹ̀ fún owó, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá gba ₦30,000 lọ́wọ́ wa fún àdéhùn, ó tọ́ kí a rí orúkọ lọ́yà àti òǹtẹ̀ rẹ̀ lórí ìwé náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ayálégbé máa ń gbà ni ẹ̀dà ìwé kan tí àgéńtì ti ń lò fún gbogbo ilé, tó kàn ń pa orúkọ àná rẹ́ kó kọ tòní sí i. Mo ti rí irú rẹ̀ tí orúkọ àdúgbò tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ibi tí ilé wà.

Ilé fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí a béèrè bóyá kànga rẹ̀ máa ń gbẹ ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, kí a wo ibi tí àgbàrá ń gbà kọjá, kí a béèrè iye wákàtí tí iná IBEDC ń wà lójúmọ́, nítorí ìpele (band) tí wọ́n fi òpópónà kan sí ló ń sọ èyí àti iye tí a óò san. Bí mítà bá wà, kí a ra iná díẹ̀ sí i kí a tó sanwó ilé. Bí gbèsè ayálégbé àná bá wà lórí rẹ̀, yóò hàn nínú iye iná tí a rí gbà.

Ìwé àdéhùn ló kù, ọ̀pọ̀ sì máa ń fọwọ́ sí i láìkà á. Kò pọn dandan kí ó wà kí a tó lè jẹ́ ayálégbé. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ òfin ohun ìní ọdún 1959 tí a jogún láti Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, a lè fi ẹnu lásán gba ilé tí àkókò rẹ̀ kò ju ọdún mẹ́ta lọ. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ló gbọ́dọ̀ ní ìwé tí a fi èdìdì dì. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá wà, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa dè wá. Ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ ni pé onílé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ọdọọdún ní nótíìsì oṣù mẹ́fà. Òótọ́ ni, bí a bá ń sanwó láti ọdún dé ọdún, tí a kò sì fẹnu kò sí nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá kọ ọ́ pé ọdún kan gééré ni a gbà, láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí, àkókò náà parí fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn. Nótíìsì oṣù mẹ́fà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìwé ọjọ́ méje tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ sí kóòtù láti gba ilé òun nìkan ló kù. Ìwé àdéhùn ọ̀pọ̀ àgéńtì ní Ifẹ̀ ni wọ́n kọ báyìí, ẹni tó fọwọ́ sí i kì í sì í mọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé kóòtù.

Àwọn kan tún máa ń tọ́ka sí òfin ilé gbígbà ọdún 2011 tó ka gbígba owó tó ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun léèwọ̀. Òfin Èkó ni. Kò kan Ifẹ̀, kódà ní Èkó pàápàá ó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apapa àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Onílé tó ń béèrè owó ọdún méjì ní Parakin kò rú òfin yẹn, ẹnu la fi lè bá a dúnàádúrà.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìdaṣẹ́sílẹ̀ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ní 2022, ASUU kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 14 oṣù kejì, wọn kò sì padà títí di 14 oṣù kẹwàá. Àwọn tó ti sanwó yàrá wà nílé òbí wọn, owó ilé sì ń lọ, nítorí pé àdéhùn onílé kò ní í ṣe pẹ̀lú kàlẹ́ńdà yunifásítì. Bí a bá fẹ́ kí ìdaṣẹ́sílẹ̀ dá owó dúró tàbí dín in kù, inú ìwé ni kí a kọ ọ́ sí kí a tó fọwọ́ sí i. Onílé tí yàrá rẹ̀ ṣófo lè gbà. Èyí tí ènìyàn mẹ́ta ń dúró dè kò ní í gbà.

Bí owó bá tán, tí a kò sì tíì lọ, onílé kò láṣẹ láti yọ ilẹ̀kùn, ká páànù tàbí ti yàrá pa mọ́ ẹrù wa. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ sọ ọ́ kedere ní 1986, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó àti Chukwuemeka Ojukwu lórí ilé kan ní Ìkòyí, pé ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ti wà ní kóòtù kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ohun tó ń bèèrè fún. Kóòtù ló ń lé ayálégbé, àgéńtì kò lè fi àwọn ọmọ àdúgbò rọ́pò rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti lù wá ní jìbìtì ńkọ́? Ó ṣe pàtàkì kí a mọ ibi tí a ń lọ. Àgéńtì tó gba owó yàrá kan lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, tàbí tó pe ara rẹ̀ ní aṣojú onílé tí kò mọ̀ ọ́n rí, ti wọ inú òfin 2006 tó wà lórí fífi irọ́ gba owó. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje sí ogún ló wà níbẹ̀, láìsí owó ìtanràn. Ọlọ́pàá ni kí a kó rìsíìtì, ẹ̀rí ìfowóránṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ orí WhatsApp lọ bá, kí ó sì yá, kí owó tó kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé tó kọ̀ láti dá owó kọ́ṣọ̀n padà, tàbí àgéńtì tó sọ pé yàrá máa ṣetán ní ọ̀sẹ̀ méjì tó sì di oṣù méjì, ọ̀rọ̀ àdéhùn ni. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀. Kóòtù májísíréètì ni ti èyí, ìwé tí a sì ti tọ́jú láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni adájọ́ yóò béèrè fún.